Ọdún Tí Bàbá Mi Ń Wá Ṣaworo ní Oko Òkè-Àfà

Ní ilé wa ní Máfólúkù, àwọn abọ́ tánńganran orí pẹpẹ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọkọ̀ òfúrufú kí àwa èèyàn tó gbọ́ ọ. Wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á máa fara gbá ara wọn, lẹ́yìn náà ni ariwo á wá bo gbogbo àgbàlá. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ á dúró síbi tó bá dé, bí ọkọ̀ náà bá sì ti kọjá, á mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tó fi í sí, kò sẹ́ni tí yóò béèrè pé kí ló wí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a máa fi àtàǹpàkò di ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà wọn mú títí ariwo náà á fi lọ. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọkọ̀ gbé orúkọ Ọlọ́run lọ sí ìlú òyìnbó kó tó dé ọ̀run. Mo ti gbé ní àwọn ilé tó dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà, mo sì dúpẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo ti sùn dáadáa tó ti Máfólúkù. Láàárọ̀, ìgbálẹ̀ ìyá mi ló ń jí wa. Wọn kò ní tíì gbálẹ̀ tán tí ohùn àwọn ọmọ kéwú á ti máa ti ilé Àfáà wá ní ojúlé kejì, tí òòlù Búrọ̀dá Gàní náà á sì bẹ̀rẹ̀. Búrọ̀dá Gàní ni ayálégbé wa tó ń na ara mọ́tò tó ti tẹ̀ títí á fi tọ́. Ará Ọ̀yọ́ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi ju òòlù rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọn omi kún àmù, kí n fọ abọ́ àná, kí n sì ti ra ẹ̀kọ tútù àti àkàrà dé kí Ìyá Àgbà tó dìde lórí ẹní ìrun.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, owó epo ti wọ ìlú. Kò tíì pẹ́ tí a bọ́ lọ́wọ́ ṣílè bọ́ sí náírà, tí àwọn àgbà ṣì ń fi ti àtijọ́ ṣírò kí wọ́n tó sanwó ata. Ilé iṣẹ́ ń hù ní Ìsọlọ̀ bí olú ẹ̀yìn òjò, ọkọ̀ ẹrù sì ń gbọ́n eruku sí aṣọ tí a bá sá sí ojú títì. Ilé tí kò bá ní fíríìjì, á ní fáànù. Ilé tí kò bá ní fáànù, bàbá ilé á máa ṣèlérí rẹ̀. Bàbá mi, Làmídì, ń wa mọ́tò fún òyìnbó kan tó jẹ́ ẹnjiníà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà. Òyìnbó yìí kì í lọ mu ọtí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í sì í gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tó fẹ́ràn kò ju kó gbé ẹ̀rọ kan dání lọ́jọ́ Sátidé, kó máa rìn nínú oko olóko, kó máa wá owó àtijọ́ àti irin àtijọ́ tó ti wọlẹ̀. Ẹ̀rọ náà rí bí ọ̀pá tí wọ́n de àwo pẹrẹsẹ mọ́ nídìí. Àpótí kékeré tó ń jẹ bátìrì wà lókè, nítòsí ibi tí wọ́n fi ń dì í mú. Bí àwo náà bá ń kọjá lórí ilẹ̀ lásán, á máa kùn bí ẹ̀fọn. Bó bá kan ibi tí irin tàbí idẹ wà nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè, á máa ké bí ọmọ ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Àwọn olóko kan ti lé òyìnbó náà, wọ́n rò pé ìjọba ló rán an wá wọn ilẹ̀ wọn. Bàbá mi ló wá mú un lọ sí oko wa ní Òkè-Àfà, níbi tí Ìyá Àgbà àti ọkọ wọn ti dáko nígbà èwe wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń lọ títí iṣẹ́ òyìnbó náà fi parí.

Lọ́jọ́ tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ sílé pátápátá, ó pe bàbá mi, ó ní kí wọ́n mú ohun kan tí wọ́n bá fẹ́ nínú ilé òun. Ó ti ṣèlérí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé etí wa kí ọjọ́ náà tó pé. Ìyá mi ti palẹ̀ igun kan mọ́ fún fíríìjì nínú yàrá, wọ́n sì ti sọ fún ẹni mẹ́ta tó ń ta omi lójú títì pé omi tiwọn á tutù ju ti gbogbo wọn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi wọlé, ọ̀pá náà wà ní èjìká wọn.

“Bàbá Súwé, fíríìjì dà?” ìyá mi fi orúkọ mi pè wọ́n.

“Mi ò mú fíríìjì.”

“Ẹ ò mú fíríìjì. Kí lẹ wá mú?”

Bàbá mi sọ ọ̀pá náà kalẹ̀. Ìyá mi wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n tún wò ó láti ilẹ̀ dókè.

“Ṣé ó ń mú omi tutù?”

Búrọ̀dá Gàní ti gbọ́, ó sì ti fi òòlù sílẹ̀. “Ẹ̀yin ará ilé,” ó ní, “lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ọgbọ́n ní Ìkẹjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ẹ̀gbọ́n mi Làmídì lọ o. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n á gbé bọ̀!” Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín, àyàfi ìyá mi, tí wọ́n wọ yàrá lọ, tí wọ́n sì gbé àpótí aṣọ padà sí igun tí wọ́n ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ọ̀pá náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n sì padà sídìí tẹ̀sùbáà wọn.

Kò pẹ́ tí àgbàlá fi gba ẹ̀rọ náà mọ́ra. Yẹtí ìyàwó Búrọ̀dá Gàní tó ti sọnù láti ìgbà tí wọ́n kó wá, ẹ̀rọ náà ló rí i nídìí kànga, láàárín ọ̀gbàrá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń mú ẹjọ́ wá. “Ẹ̀gbọ́n,” Búrọ̀dá Gàní á ní, “ẹ bá mi gbé nǹkan yìí kọjá lórí ìró ìyàwó mi. Gbogbo ohun tí mo bá gbà lóṣù, ibẹ̀ ló ń wọlẹ̀ sí.” Ìyàwó rẹ̀ á sì dáhùn láti ilé ìdáná: “Ẹ kọ́kọ́ gbé e kọjá lórí ẹ̀, kí a mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú agbárí yẹn!” Bàbá mi á gbé àwo náà sí orí rẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀rọ á máa kùn bí ẹ̀fọn, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, “Gàní, kò dún o.” Àwa ọmọdé á máa yí gbirigbiri lórí ẹní.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun alásàrí, mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, bàbá mi sì wá bá ìyá mi níbẹ̀. Àwọn àgbà máa ń rò pé ọmọ tó bá ń ṣa ẹ̀wà kò ní etí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí wọ́n fi mú ọ̀pá tí wọ́n fi fíríìjì sílẹ̀. Kí Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi, wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rájí. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú wọn nítòsí Abẹ́òkúta dé, tí wọ́n ń gbé inú ahéré ní Òkè-Àfà. Nígbà tí Rájí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n so ṣaworo idẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí ìyá rẹ̀ tó ń ro oko ẹ̀gẹ́ lè máa mọ ibi tó wà láìgbé orí sókè. Ibà mú un ní àkókò òjò kan, kò sì gbádùn mọ́. Ìyá Àgbà kò sí níbi tí wọ́n ti sin ín, ọkọ wọn náà kò sí níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Ọmọ ló yẹ kó sin òbí. Bí ọ̀rọ̀ bá wá yí padà, wọn kì í fi ibẹ̀ han bàbá, wọn kì í fi han ìyá, kí ẹsẹ̀ wọn má baà máa yà síbẹ̀ títí ayé. Àbúrò bàbá Rájí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí èyí tó lọ́kàn àtibọ́ ṣaworo lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti di ará ọ̀run. Kí àbúrò náà tó kú ló pe bàbá mi, ó ní kí ẹnì kan ṣáà mọ̀ ọ́n: apá ìsàlẹ̀ oko ni, nídìí igi àgbálùmọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé igi àgbálùmọ̀ náà dáná láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sì ti wà lórí ìdí rẹ̀ kò lóǹkà ìgbà.

“Wọ́n ti gba ilẹ̀ náà fún ilé ìkẹ́rùsí,” bàbá mi ní. “Bí òjò bá ti dá, katapílà ń bọ̀. Wọ́n á hú ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni hú gbòǹgbò, wọn ò sì ní mọ̀ pé èèyàn ni.”

Mo gbọ́ tí ìyá mi ń ro nǹkan nínú ìkòkò.

“Ìyá wa ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ohun tí ẹ ń wá nìyẹn?”

“Wọn ò gbọdọ̀ mọ̀. Ṣé kí n máa mú ìyá mi rìn lórí sàréè ọmọ wọn ni? Owó àtijọ́ ni mò ń wá. Bí mo ṣe sọ nìyẹn.”

Ìyá mi dé ìkòkò náà. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ata lọ́jà. “Irú bátìrì wo ló ń jẹ?” Láti ọjọ́ náà, nínú èrè omi tí ìyá mi ń tà ni bátìrì ẹ̀rọ náà ti ń jáde. Wọn kò sì dárúkọ fíríìjì mọ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí oko ní gbogbo ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Bàbá mi á gbé ẹ̀rọ, èmi á gbé agbọ̀n àti omi. Ìyá Àgbà á ní àwọn náà ń bọ̀, àwọn fẹ́ já gbúre. Gbúre wà lẹ́yìn ilé wa ní Máfólúkù débi pé ewúrẹ́ ò kà á sí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bá Ìyá Àgbà jiyàn. A ó wọ mọ́tò dé Ìsọlọ̀, a ó fẹsẹ̀ rin ìyókù lọ sí Òkè-Àfà, Ìyá Àgbà á sì jókòó lórí igi ọ̀pẹ kan tó ti wó, wọ́n á kọjú sí ọ̀nà, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí apá ìsàlẹ̀ oko. Mo rò pé wọ́n ń sá fún oòrùn ni. Bàbá mi á máa gbé àwo náà lọ síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń fi dòjé gé koríko, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Bó bá ti ké, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé ilẹ̀ náà róbótó, wọ́n á ṣí i bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa bu erùpẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́, tí wọ́n á máa gbé e kọjá lórí àwo. Ẹ̀kúnwọ́ tó bá ké, òun ni nǹkan wà nínú rẹ̀. Bí òyìnbó ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n á sì dí ihò náà padà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má baà kọ́ ọ. Èmi náà wá mọ̀ ọ́n ṣe débi pé bàbá mi kì í bu erùpẹ̀ mọ́, wọ́n á ní, “Súwé, ó yá.”

Ohun tí ilẹ̀ kó pamọ́ kò kéré. A rí orí ọkọ́ tí irin rẹ̀ ti jẹ tán, a rí kọ́kọ́rọ́, a rí agolo sadín ju ohun tí mo lè sọ lọ, a sì rí owó ayé ṣílè: kọ́bọ̀ oníhò, ẹ̀pìnnì, tọ́rọ́, àti sísì kan tó ṣì ń dán. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbé lọ fún Ìyá Àgbà lórí igi ọ̀pẹ, wọ́n á tutọ́ sí i, wọ́n á fi etí ìró nù ún, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni rí ojúlùmọ̀. “Tọ́rọ́ yìí, èmi ni mo sọ ọ́ nù,” wọ́n ní lọ́jọ́ kan. “Owó ọṣẹ ni. Mo sunkún rẹ̀ títí ojú mi fi wú. Bàbá bàbá rẹ wá òmíràn fún mi, wọ́n ní n má sunkún owó mọ́ láyé mi.”

“Ṣé ẹ sì sunkún rẹ̀ mọ́?”

“Owó? Rárá.” Wọ́n fi tọ́rọ́ náà sí etí aṣọ mi, wọ́n dì í. “Ilẹ̀ kì í jalè, Súwé. Ó ń bá ni tọ́jú nǹkan ni.”

Mo ti gbọ́ ìwàásù tó gùn láti ẹnu àwọn tó kàwé, mo sì jàǹfààní nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà níbi ìsìnkú títí dòní, gbólóhùn orí igi ọ̀pẹ yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn kó tó kan ti àwọn àfáà.

Ohun tí bàbá mi ń wá ni kò jáde. Òyìnbó ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ náà kì í gbọ́ ohun tó bá jìn ju gígùn ọwọ́ láti ìka dé ọrùn-ọwọ́ lọ, kò sì sí ẹni tó ń sin èèyàn, bó ti wù kó kéré tó, sí ibi tí kò jìn jùyẹn. Bàbá mi gbójú lé ọ̀gbàrá, pé bóyá òjò ọdún wọ̀nyí ti wọ́ òkè ilẹ̀ náà lọ. Ọ̀sẹ̀ ń lọ, ọ̀gbàrá kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an. Àfáà, tí bàbá mi ti fọ̀rọ̀ náà hàn, bá wọn jókòó lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́jọ́ kan.

“Làmídì, Ọlọ́run tó mọ ibi tí ọmọ náà wà kò nílò ọ̀pá.”

“Mo gbà, Àfáà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló ń wa katapílà.”

Àfáà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. “Ó dáa,” wọ́n ní, “máa wá a lọ. Èmi náà á máa bá ọ wá a lórí ẹní.”

Òjò dá, katapílà dé. Ọjọ́ Sátidé ni bàbá mi rí i nígbà tí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì dé ilé pẹ̀lú eruku pupa lójú. Ìyá mi gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá kalẹ̀. Bàbá mi fọ ọwọ́, wọ́n jókòó tì í, wọn kò fọwọ́ kàn án.

“Wọ́n ti họ gbogbo apá ìsàlẹ̀ oko náà,” wọ́n ní. “Gbogbo òkè ilẹ̀ ti lọ, ó tó ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ó ti tán.”

Ìyá mi ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin lórí oúnjẹ náà. “Wọ́n ti kó òkè rẹ̀ lọ?”

“Gbogbo rẹ̀.”

“Ẹ ní àwo yín kì í gbọ́ ohun tó bá jìn.” Ìyá mi dá abẹ̀bẹ̀ dúró. “Bí wọ́n bá ti họ òkè kúrò, Bàbá Súwé, ṣé ìsàlẹ̀ kò wá súnmọ́ yín ni?”

Mo rí ojú bàbá mi. Mo ti rí ojú náà ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi, mo sì rí i ní ọjọ́ tí wọ́n ti Mẹ́kà dé, ṣùgbọ́n ọjọ́ ẹ̀bà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i. Wọn kò tún jẹun. Wọ́n lọ yẹ bátìrì wò.

Ní ọjọ́ Àìkú náà, Ìyá Àgbà ti wọ bàtà kí a tó ṣe tán. Oko náà kò jọ oko mọ́. Pupa ló pupa lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, katapílà náà sì dúró sí etí rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀ nítorí ìsinmi. Igi ọ̀pẹ tí Ìyá Àgbà ń jókòó lé ti di títì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n wá a lọ síbẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí wa bíi ti tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni oòrùn ti ń kọjú sí wọn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti etí odò tó wà ní ìsàlẹ̀ oko. Agolo ò sí mọ́, katapílà ti kó gbogbo ìdọ̀tí òkè lọ. Ẹ̀rọ náà kàn ń kùn, ó ń kùn, títí kíkùn náà fi di ara oòrùn. Mo ti ń ronú ẹ̀kọ tí a gbé wá nígbà tó ké.

Bàbá mi kúnlẹ̀. Wọn kò sọ pé, “Súwé, ó yá.” Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọn kò lo ọ̀bẹ, wọ́n ń yọ erùpẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ egungun lára ẹja fún ọmọdé. Mo rí nǹkan róbótó kan tó ti di aláwọ̀ ewé, kò fẹ̀ tó ẹnu ife, àwọn ṣaworo wẹ́wẹ́ sì so mọ́ ọn, erùpẹ̀ ti kún inú wọn. Bàbá mi kò gbé e. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi bo ojú wọn. Èmi kò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo bá di etí aṣọ wọn mú.

“Làmídì.” Ìyá Àgbà kò yíjú padà.

“Màámi.”

“Kí lo rí?”

Bàbá mi fi fìlà nu ojú. “Irin lásán ni, Màámi.”

“Irin lásán kì í mú ọ dákẹ́ báyìí. Ṣé òun ni?”

Bàbá mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo sọ fún wọn. Mo mi orí.

“Òun ni, Màámi. Ta ló sọ fún yín?”

“Ta ni yóò sọ fún mi? Ọmọ tí mo bí fi fíríìjì sílẹ̀, ó gbé ọ̀pá. O rò pé mo gbà pé nítorí tọ́rọ́ ni?” Wọ́n ṣì kọjú sí ọ̀nà. “Má wá fi hàn mí. Má nawọ́ síbẹ̀ fún mi. Kí o ṣáà dá mi lóhùn ohun kan. Ṣé ibẹ̀ tutù?”

Bàbá mi tẹ àtẹ́lẹwọ́ wọn mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ náà. “Ó tutù, Màámi. Ó tutù gan-an.”

“Àlùhámúdù lílláhì,” Ìyá Àgbà ní. Mo gbọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, ohùn wọn kò gbọ̀n, àfi ìgbà tí wọ́n parí rẹ̀ tí wọn kò lè sọ àmín. Èmi ni mo bá wọn sọ ọ́.

Bàbá mi mú wa délé, wọ́n sì mú Àfáà àti Búrọ̀dá Gàní padà lọ kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tó kù kò tó nǹkan, pé Àfáà ní kí wọ́n bu erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n sì gbé e lọ sí itẹ́ òkú àwọn mùsùlùmí ní Ìsọlọ̀. Kí wọ́n tó lọ, Àfáà ti bi Ìyá Àgbà léèrè bóyá kí wọ́n mú ṣaworo náà wálé fún wọn, nítorí a kì í fi ẹrù sin òkú nínú ẹ̀sìn wa. Ìyá Àgbà ronú sí i. “Ẹ fi sílẹ̀ fún un,” wọ́n ní. “Ó ti mọ́ ọn lára.” Àfáà, tí wọ́n lè fi ìdajì ọjọ́ bá èèyàn jà lórí bí a ṣe ń ṣe àlùwàlá, kò bá wọn jiyàn. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn kọ́ nínú kéwú tó ní kí a bọ́ nǹkan lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ti sùn. Búrọ̀dá Gàní ló gbé ṣọ́bìrì. Nígbà tó dé, ó jókòó sídìí mọ́tò tó ń tún ṣe, kò sọ̀rọ̀, kò gbé òòlù, ìyàwó rẹ̀ sì bu omi fún un láìbú u.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà lọ ẹ̀wà fúnra wọn, wọ́n dín àkàrà, wọ́n ní kí n pe gbogbo ọmọdé àdúgbò wá. Sààrà ọmọ ni, ọmọ ló ń jẹ ẹ́. A jókòó sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa dé ilé Àfáà, òróró ń ṣàn lọ́wọ́ wa. Bí Ìyá Àgbà ti ń pín in lọ, ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú wọn níbi tí gbogbo ilé ti lè gbọ́. Ìyá Làmídì ni gbogbo ayé ń pe Ìyá Àgbà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Ìyá mi ní, “Ìyá Rájí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó.”

Ìyá Àgbà dáwọ́ dúró, àkàrà wà lórí síbí. Wọ́n wo ìyàwó ọmọ wọn títí tí mo fi rò pé wọ́n bínú. “Dìde,” wọ́n ní. “Dìde, ọmọ mi, aṣọ rẹ ń dọ̀tí.” Wọ́n sì kó àkàrà tó wà lórí síbí náà lé ìyá mi lọ́wọ́ ní gbígbóná.

Láti ìgbà náà, bí èmi àti Ìyá Àgbà bá ń lọ ta ọṣẹ ní Ìsọlọ̀, a máa ń gba ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú náà kọjá. Wọn kì í dúró, wọn kì í sì í yíjú síbẹ̀. Wọ́n á kàn gbé ohùn sókè bí ẹni kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé tí èèyàn pọ̀ sí: “Ẹ̀yin ará ibí, àlàáfíà fún yín o, àtàgbà àtọmọdé. Ẹ ṣíwájú, àwa náà ń bọ̀.” Mo bi wọ́n léèrè pé ṣé wọ́n mọ gbogbo àwọn tí wọ́n ń kí ni. Wọ́n ní rárá, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí àwọn kò mọ èyí tó jẹ́ tàwọn nínú wọn, kò sí èyí tí àwọn lè fò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ àdúrà fún òkú, kí n tó mọ̀ ọ́n lédè Lárúbáwá. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ìyá fún wa.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run pe Ìyá Àgbà, lójú oorun, ní ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá mi, tí irùngbọ̀n wọn ti funfun nígbà náà, bá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú náà ní àárọ̀, wọ́n sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbẹ́ ẹ tán. Àwa obìnrin kò bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé, èmi ni mo bu omi fún bàbá mi láti fọ ọwọ́, mo sì bi wọ́n ní ohun tí kò sẹ́lòmíràn láyé mọ́ tó lè dá mi lóhùn rẹ̀, pé báwo ni sàréè Ìyá Àgbà ṣe jìnnà sí ti Rájí tó.

Bàbá mi fọ erùpẹ̀ náà kúrò ní èékánná wọn, wọ́n nu ọwọ́.

“Kò jìnnà rárá, Súwé,” wọ́n ní. Wọ́n sì jókòó, wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ wá.